Ẹ Dojú Àga Délẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará ìlú sọ ní Àgbádárìgì nípa yíyan àga àtijọ́ tí kò lápá sílé, tí mo wá kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mú ìwé àti bírò lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú gbéra láàárọ̀ kùtù nítorí ìpàdé yìí, ẹ kú ìjókòó o.

Ìkíni yẹn ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀. Bí Yorùbá bá bá èèyàn níbi tó jókòó sí, kò ní kọjá láìkí i pé ẹ kú ìjókòó. Àwọn baba wa mọ̀ pé iṣẹ́ ni ìjókòó. Ẹ̀yìn ń ṣe é, itan ń ṣe é, ọrùn náà ò gbẹ́yìn. Ohun tí èèyàn máa fi ìdí lé fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, fún ogún ọdún, kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán rà.

Àga méjì ló wà lórí tábìlì níwájú yín yìí. Mo gbé wọn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí ẹsẹ̀ wọn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ń dán yinrin, ó pupa bí epo, wọ́n gbẹ́ òdòdó sí ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ àrán bo ìjókòó rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì ti ṣú, ara rẹ̀ ti họ, okùn ìjókòó rẹ̀ ti já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó máa fowó ra ti ọ̀tún nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun. Ti òsì ńkọ́? Ọwọ́ kan ṣoṣo. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rí yín, mà. Màá padà sọ́dọ̀ yín.

Ti òsì yìí ni mo wá torí rẹ̀. Ilé ẹbí kan nílùú yìí ló ti jáde, kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Wọ́n ń tún ilé ṣe de ìsìnkú àgbà kan, wọ́n sì ti kó gbogbo ẹrù àtijọ́ dà sẹ́yìn ilé. Mo bá a láàárín páànù tó ti dípẹtà àti àpótí tí ikán ti jẹ. Àwọn tó ń se oúnjẹ nítòsí ibẹ̀ ti ṣẹ́ ọ̀kan nínú igi ìdábùú ẹ̀yìn rẹ̀ dáná. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹbí náà san owó ńlá lórí àga mẹ́fà tó jọ ti ọwọ́ ọ̀tún mi yìí. Ó dùn mí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mí. Ìdí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí nìyẹn.

Kí ni à ń pè ní àga àtijọ́? Àwọn tó ń ṣòwò ẹrù àtijọ́ káàkiri ayé fẹnu kò sí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹrù tó ti pẹ́ lásán ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún kò sì jìnnà ní Àgbádárìgì. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí wà ní etí ọ̀sà wa níbí, ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Àwọn oníwàásù, àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò, àwọn tó ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wálé, gbogbo wọn ló rí nǹkan jókòó lé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti Bùràsíìlì padà yẹn, tí à ń pè ní Àgùdà, ló jẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà tó mọṣẹ́ dunjú. Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọwọ́ wọn ló kọ́ ọ. Ọwọ́ tó lè gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó bẹ́ẹ̀, àga kò lè ṣòro fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ àga àtijọ́, ẹ má rò pé inú ọkọ̀ òkun láti Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lè wà nínú yàrá ìyá yín àgbà, kó jẹ́ òun ni wọ́n ń gbé garawa omi lé.

Àga tí mo ń sọ ni èyí tí kò lápá: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìjókòó, ìfẹ̀yìntì, ó tán. Ní ilẹ̀ Yúróòpù nígbà láéláé, àga tó lápá kì í pọ̀ nílé. Olórí ilé ló ni ín. Àwọn yòókù ń jókòó lórí àpótí àti bẹ́ńṣì. Láàárín ọdún 1600 sí 1700 ni ó wá di àṣà kí wọ́n fi ìfẹ̀yìntì sára àpótí, kí ará ilé náà lè rí ibi fẹ̀yìn lé. Ibẹ̀ ni àga aláìlápá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n máa ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí oúnjẹ bá délẹ̀ wọ́n á fà á wá sídìí tábìlì. Ṣé ó ṣàjèjì sí wa ni? Baálé ní àga tirẹ̀ tí ọmọ kan kò gbọdọ̀ fìdí kàn. Ìyá ní àpótí ìdáná. Àwọn ọmọ ní ẹní.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá sọ pé àga aláìlápá ló bá aṣọ wa mu jù lọ. Ẹ wo ọkùnrin tó wọ agbádá tó fẹ́ jókòó sórí àga tó lápá. Á kọ́kọ́ ká a sókè sí èjìká, á rọra wọ inú àga bí ẹni wọ ọkọ̀ ojú omi, etí agbádá á há sábẹ́ apá àga, nígbà tó bá máa dìde kí àlejò, òun àti àga ni wọ́n jọ máa dìde. Gbogbo wa la ti rí i níbi àríyá pẹ̀lú àga oníke. Lórí àga tí kò lápá, agbádá á kàn wó sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á bo ẹsẹ̀ àga, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì rí bí ẹni tó jókòó lórí ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìyá tó ró ìró tó fi ìborùn lé èjìká. Àmọ́ kí n má tan yín: ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu nílò apá àga tí yóò fi ọwọ́ tì dìde. Bí àgbà bá ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àga méjì nílé lápá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dojú wọn délẹ̀.

Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ara igi má họ. Ẹ di igi ìjókòó mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ má fi ìfẹ̀yìntì gbé e. Ìfẹ̀yìntì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fa àga kiri nílé, ibẹ̀ náà ni àga kì í pẹ́ yẹ̀. Ẹ yí i.

Ẹ wo ti ọ̀tún. Lókè ó pupa, lábẹ́ ó funfun bí iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ. Igi yẹn kò tíì rí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n là á. Pupa tí ẹ rí lókè, kíkùn ni wọ́n kùn ún. Igi tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, abẹ́ rẹ̀ á ti ṣú fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ fi fáníìṣì kàn án. Ẹ wo ti òsì: abẹ́ rẹ̀ jọ ewé tábà gbígbẹ. Ẹni tó gbọ́n lè kun abẹ́ náà, mo ti rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ ló dúdú dọ́gba, ọjọ́ orí kì í sì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ń kàn á dán. Ibi tí ọwọ́ kì í dé á rí ṣákálá. Inú kọ̀rọ̀ á ní ìdọ̀tí tó ti le mọ́ igi.

Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa abẹ́ ìjókòó. Ti ọ̀tún jọ̀lọ̀ bí dígí, ẹ̀rọ ló fá a. Ti òsì, ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka bó ṣe ń ga díẹ̀ tó ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìfági ọwọ́ ló fi ipa yẹn sílẹ̀. Káfíńtà ayé ọjọ́un kì í fi agbára ṣòfò níbi tí ojú kò ní rí, ó fá òkè kó jọ̀lọ̀, ó fi abẹ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ tún máa wá ìlà ayùn. Bí ìlà bá tọ́ ṣùgbọ́n tí àlàfo wọn kò dọ́gba, ọwọ́ èèyàn ló fa ayùn náà. Bí ó bá tẹ̀ bí oṣù tuntun, ayùn róbótó tí ẹ̀rọ ń yí ni, kò sì bá àga tí wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1700 lọ.

Ìsopọ̀ ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí àga wà. Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ wo ibi tí igi ìdábùú ti wọ ẹsẹ̀ lára àga òsì yìí. Kò sí ìṣó kankan. Káfíńtà náà dá ihò sára ẹsẹ̀, ó fá orí ìdábùú di ahọ́n, ó ki ahọ́n bọ ihò tó fi há gádígádí, ó wá fi èèkàn igi kékeré gún un láti ẹ̀gbẹ́ kó má bàa yọ. Ẹ fi ìka kan orí èèkàn náà. Ó yọ síta díẹ̀, àbí? Nígbà tí wọ́n ṣe é, wọ́n gé e dọ́gba mọ́ ara ẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé igi máa ń fún láti ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń gbẹ, lóòró kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fún rárá. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, ẹsẹ̀ àga ń tínínrín, èèkàn kò kúrú, bẹ́ẹ̀ ni orí èèkàn ṣe yọ síta. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè kun igi, ó lè fi ṣéènì nà án kó lè dà bí ohun tó ti gbó, kò rọrùn fún un láti rántí èèkàn.

Àṣírí kan náà wà lára ẹsẹ̀ tí wọ́n yí róbótó. Láàárọ̀ yìí mo fi kálípà, irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọn ẹsẹ̀ iwájú yìí. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 38. Mo yí ẹsẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tún wọn ibì kan náà, ó di 37. Igi máa ń fún tẹ̀lé òrùka inú rẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń fún láti àárín síta. Nítorí náà, ẹsẹ̀ tó róbótó rẹ́gí lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ káfíńtà ti di bí ẹyin díẹ̀díẹ̀. Ti ọ̀tún? Mo wọ̀n ọ́n lọ́nà mẹ́ta, iye kan náà ni.

Ẹ wá wo ìdábùú iwájú yìí. Àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú, ó sì ń dán bí ìgbá tí ìyá arúgbó ti fi bu ẹ̀kọ fún ọdún gbọọrọ. Gìgísẹ̀ ló jẹ ẹ́. Àwọn èèyàn jókòó síbí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé igi yìí, wọ́n sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n ka ìwé, wọ́n dúró de ọkọ̀ ojú omi tó pẹ́ kó tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògbólógbòó ni àga, ẹ bi ara yín pé ibo ni ẹsẹ̀ ń kàn, ibo ni ọwọ́ ń dì mú, ibo ni ìfẹ̀yìntì ti ń fara gbá ògiri. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti jẹ. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ibi ló jẹ dọ́gba, sáńpépà ló jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àga ni mo ń fi hàn yín yìí.

Kí n yára sọ ti orúkọ, nítorí orúkọ ni àwọn tó ń tajà fi ń mú wa. Ẹ ó gbọ́ kí wọ́n sọ pé àga Chippendale nìyí. Thomas Chippendale jẹ́ ògbóǹtarìgì káfíńtà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1754 ó tẹ ìwé àwòrán àga àti tábìlì jáde, káfíńtà tó bá sì rówó rà á lè ṣe irú àga inú rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣe é nígbà ayé rẹ̀, wọ́n ṣe é lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe é lónìí. Orúkọ yẹn ń sọ irú àwòrán tí àga tẹ̀lé, kò sọ ẹni tó kàn án, kò sì sọ ọdún. Abẹ́ àga ló máa sọ ìyẹn.

Àga mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀ ni èyí tí igi rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Michael Thonet, ará Jámánì tó lọ ṣiṣẹ́ ní Vienna, ló kọ́ bí a ṣe ń fi ooru omi gbígbóná tẹ igi láì jẹ́ kó ṣẹ́. Ní ọdún 1859 ó gbé àga kan jáde tó pè ní nọ́ńbà 14: igi mẹ́fà, síkúrúù mẹ́wàá, nọ́ọ̀tì méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́rìndínlógójì rẹ̀ tí wọn kò tíì tò ni wọ́n ń kó sínú àpótí tí ìbú, òòró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ òkun á gbé e lọ síbi tó bá wù ú, ẹni tó rà á á tò ó. Nígbà tó fi di 1930 wọ́n ti tà tó mílíọ̀nù 50. Èyí kì í ṣe àga olówó ńlá. Àga ilé oúnjẹ ni. Ó fúyẹ́, ó rẹwà, bí síkúrúù bá dẹ̀, ẹ lè fún un fúnra yín. Ohun kan péré ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún: igi tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n ń pè ní beech, kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn ṣe pàtàkì fún àwa tí à ń gbé láàárín ọ̀sà àti òkun. Ìrókò àti igi apá kì í tètè gbà fún kòkòrò. Ọ̀gànwó náà ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n etí igi, ibi tó funfun sún mọ́ èèpo, kòkòrò á jẹ ẹ́ lára igi èyíkéyìí. Ẹ wá ihò kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ lábẹ́ ìjókòó àti lábẹ́ ẹsẹ̀. Ihò nìkan kò burú, ó lè jẹ́ ti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn. Ìyẹ̀fun ni kí ẹ máa wá. Bí ẹ bá ra àga, ẹ má gbé e wọ pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí bébà dúdú tàbí aṣọ dúdú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ìyẹ̀fun tuntun bá ń jábọ́ sórí bébà, kòkòrò ṣì wà nílé, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa oògùn igi kí ó tó ràn mọ́ ẹrù yín yòókù. Kí ẹ má sì sá a sí oòrùn gan-gan bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́, igi tó bá gbẹ lójijì ló ń là.

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ìyá tó bí ìyá mi fi àga kan sílẹ̀ fún mi, ìrókò ni, aláìlápá, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ pankẹ́rẹ́ tí wọ́n hun ní ojú mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti yẹ̀. Nígbà yẹn n kò tíì mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí. Mo gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún àga ṣe, mo ní kí wọ́n bá mi mú ẹsẹ̀ náà le. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin mo lọ gbé e. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ha gbogbo ara rẹ̀ títí tó fi funfun. Wọ́n ti wọ́n fáníìṣì tó ń dán sí i. Wọ́n ti já pankẹ́rẹ́ dànù, wọ́n fi pátákó àti fóòmù dí i. Wọ́n sì ti kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ẹsẹ̀ tó yẹ̀. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ṣe fún mi, wọn ò tiẹ̀ gbowó fáníìṣì. Ìyá mi wò ó, ó ní, “Àga ta nìyí?” N kò rí nǹkan sọ.

Ìṣó yẹn ló bà á jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ìlú wa kì í jẹ́ kí ìṣó pẹ́. Láàárín òjò ọdún kejì ó ti dípẹtà, ó wú nínú igi, ó la ahọ́n ìsopọ̀ sí méjì. Bí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù tún un ṣe, mi ò bá ṣì lè tú u lónìí kí n sì tún un tò. Gọ́ọ̀mù tí àwọn káfíńtà àtijọ́ ń lò, awọ àti egungun ẹran ni wọ́n ń sè títí yóò fi ki. Ó máa ń di igi mú dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi omi gbígbóná rọra rin ín, á tú sílẹ̀, ẹ ó fọ ihò náà mọ́, ẹ ó tún un lẹ̀. Gọ́ọ̀mù ìgbàlódé tó ń le bí òkúta kì í gbà kí ẹlòmíràn tún ṣe lẹ́yìn yín. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbé àga fún káfíńtà, ẹ dúró tì í kí ẹ sì sọ ọ́ ní gbangba: kò gbọdọ̀ kan ìṣó, kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ ìhagi sún mọ́ ọn. Bí ibì kan bá nílò fífá, ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gilére wa ń lò ṣì wà nínú igbó, ó ń fá igi láì jẹ awọ ara rẹ̀ dànù. Fún ìmọ́tótó, aṣọ tí ẹ rẹ sómi tí ẹ fún gbẹ ti tó, lẹ́yìn náà ẹ fi ìda oyin díẹ̀ pa á, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí yóò fi dán. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni o.

Ti pankẹ́rẹ́ tó já, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun ṣì wà ní Èkó, ní àdúgbò Maryland. Ìjókòó tó já kì í dín iyì àga kù bí ìsopọ̀ bá dúró. Bí ìsopọ̀ bá ti bàjẹ́ ni kí ẹ ro ó wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ di orí ìfẹ̀yìntì mú, kí ẹ fi orúnkún ti ìjókòó, kí ẹ rọra mì í síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń ké, gọ́ọ̀mù ló ti gbẹ, a lè ṣe é. Bí ẹ bá rí i pé igi fúnra rẹ̀ ti la ní ibi ihò, ẹ fi sílẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ti ìyá yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo abẹ́, ẹ wá fi ara yín dán an wò. Mo ti rí ẹni tó ra àga mẹ́jọ láìjókòó lórí ẹyọ kan. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ́ bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ ọjà, ẹ má dìde. Àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, gíga ìjókòó tó dára jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 18. Tábìlì ìjẹun sábà máa ń ga tó ínǹṣì 30, nítorí náà àlàfo tó wà láàárín ìjókòó àti tábìlì yẹ kó tó ínǹṣì 12, kí itan lè ráyè wọlé. Àwọn àga àtijọ́ kan wà tí ìjókòó wọn kò ga rárá, tí wọ́n ṣe fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ó dára púpọ̀ ní ìyẹ̀wù, kò wúlò nídìí tábìlì. Kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa gbogbo iṣẹ́ ọnà tó wà lára ìfẹ̀yìntì, lọ sókè, bọ̀ wá sílẹ̀. Ibi tó bá fà yín lára, á fa lẹ́ẹ̀sì ya. Àwọn ìyá tó wà níbí mọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá lẹ́ẹ̀sì kan.

Kò pọn dandan kí gbogbo àga nílé jọra. Èmi ní márùn-ún nídìí tábìlì mi, ibi márùn-ún ni wọ́n ti wá. Gíga ìjókòó wọn sún mọ́ra, igi wọn sì ṣú bákan náà, ojú kì í rí ìyàtọ̀ títí ẹ ó fi jókòó. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tó dára, ẹ rà á. Ẹ lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún aṣọ àná, ẹ lè gbé e sẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ bọ́ bàtà, ẹ lè fi fún bàbá tí orúnkún kò jẹ́ kó lè wólẹ̀ mọ́ nígbà ìrun. Àga aláìlápá kan ṣoṣo kì í wá iṣẹ́ tì.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọ̀rọ̀ má bàa kó yín síjàngbọ̀n. Òtìtà tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, àga ìjòyè, ìjókòó tí wọ́n ti lò nídìí òrìṣà tàbí ní ààfin, ìwọ̀nyí kì í ṣe ọjà bí ọjà mìíràn. Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà sílẹ̀, ti ọdún 1979, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá tà fún yín, ẹ bèèrè ilé tó ti jáde. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Mo fẹ́ kí ilé wa kún fún àga àtijọ́, kì í ṣe kí ojúbọ ẹlòmíràn ṣófo nítorí rẹ̀.

Ó wá ku ohun tí mo fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ àga òsì yìí, sí inú igi ìjókòó ní apá iwájú. Ẹ rí ìlà mẹ́rin tí wọ́n fi irin mímú dá síbẹ̀? Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan kò gùn ju èékánná lọ. Kì í ṣe pé igi ha. Bí àwọn káfíńtà bá ń ṣe àga tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń fi ìlà sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìjókòó èkíní má bàa lọ bá ẹsẹ̀ ìkẹta. Àga kẹrin nìyí. Ìyẹn ni pé mẹ́ta ó kéré tán ti wà ṣáájú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ìkarùn-ún àti ìkẹfà wà. Mo ti béèrè ní ilé tó ti jáde, wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé wọ́n ti pín ẹrù nígbà tí bàbá àgbà kú, kálukú kó tirẹ̀ lọ.

Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀yin nìkan lẹ nawọ́ fún àga yìí. Nígbà tí àwọn yòókù ń wo ti ọ̀tún, mo rí i pé ẹ ò gbójú kúrò lára ti òsì. Ẹ dákun, mà, kí ló dé?

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá sọ? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sókè fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Wọ́n ní irú rẹ̀ méjì wà nílé àwọn, ní ìdí ògiri ilé ìdáná, pé ọkọ àwọn ló jogún wọn, pé ọ̀kan ni àwọn ń gbé ìkòkò omi lé. Wọn ò tíì dojú rẹ̀ délẹ̀ rí.

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Bí ẹ bá gbà mí láyè, màá sìn yín délé báyìí. Màá mú tọ́ọ̀ṣì dání.